Mo Yára Jù Ú Lọ Nínú Gbogbo Iṣẹ́: Ṣé Kí N Lé E Ni?

Ẹ Bi Màmá Olùkọ́

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ọrọ̀ ajé kí n tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí. Èyí àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ jù lórí rẹ̀, torí ó kan ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi láti kékeré.

ÌBÉÈRÈ: Màmá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ìránṣọ ni mò ń ṣe ní Òṣogbo. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, a jọ ṣe frídọ̀mù, a sì jọ gba ṣọ́ọ̀bù kan. A jọ ń dá owó ṣọ́ọ̀bù àti owó epo jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n oníkálukú ló ni oníbàárà tirẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo yára jù ú lọ. Bùbá mẹ́fà ni mo ń rán lójúmọ́, méjì lòun ń rán. Tó bá jẹ́ yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé, mo lè rán mẹ́fà lójúmọ́, mẹ́rin lòun ń rán. Kò sí ọ̀kan tó ti mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Ọkọ mi ní kí n jẹ́ kó kó másíìnì rẹ̀ lọ, kí n gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù fún ara mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mà. — Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ má jẹ́ kó lọ o. Iye tí ẹ kọ sí mi náà ni mo máa fi ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí ẹ ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe: ẹ ka iṣẹ́ yín.

Ohun tí ẹ fi ju ọ̀rẹ́ yín lọ ni ìwé ọrọ̀ ajé ń pè ní absolute advantage. Tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ, àǹfààní ọwọ́ yíyá ni mo máa ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí àkókò bá dọ́gba, tí irinṣẹ́ sì dọ́gba, iṣẹ́ tó ń jáde lọ́wọ́ ẹnì kan pọ̀ ju ti ẹnì kejì lọ. Ẹ ní i lórí bùbá, ẹ ní i lórí yunifọ́ọ̀mù, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ yín. Àmọ́ òun kọ́ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó yẹ kó rán èyí àti ẹni tó yẹ kó rán tọ̀hún.

Ohun tí ẹ máa bi ara yín ni pé: bí mo bá jókòó ti yunifọ́ọ̀mù kan, kí ni mi ò ní lè rán? Lọ́dọ̀ tiyín, ọjọ́ tí ẹ bá fi rán yunifọ́ọ̀mù mẹ́fà, ẹ ò bá ti fi rán bùbá mẹ́fà. Yunifọ́ọ̀mù kan ń jẹ bùbá kan mọ́ yín lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín, ọjọ́ tó bá fi rán yunifọ́ọ̀mù mẹ́rin, bùbá méjì péré ni ì bá fi rán. Yunifọ́ọ̀mù kan kò jẹ ju ààbọ̀ bùbá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá yìí gan-an ni yunifọ́ọ̀mù tirẹ̀ pọ́ọ́kú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ 6 tí ẹ fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ká ní oníkálukú yín ń fi ọjọ́ 3 rán bùbá, ó sì ń fi ọjọ́ 3 rán yunifọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin á ní bùbá 18 àti yunifọ́ọ̀mù 18. Ọ̀rẹ́ yín á ní bùbá 6 àti yunifọ́ọ̀mù 12. Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ sórí tábìlì kan, bùbá 24 ni, yunifọ́ọ̀mù sì jẹ́ 30.

Wàyí o, ẹ tún iṣẹ́ náà pín. Kí ọ̀rẹ́ yín fi ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rán yunifọ́ọ̀mù nìkan: 24 nìyẹn. Kí ẹ̀yin fi ọjọ́ 1 rán yunifọ́ọ̀mù 6, kí ẹ fi ọjọ́ 5 tó kù rán bùbá 30. Yunifọ́ọ̀mù ṣì jẹ́ 30 bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bùbá ti kúrò ní 24, ó ti di 30. Bùbá mẹ́fà ti jáde nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, lórí másíìnì kan náà, láàárín ọjọ́ kan náà, pẹ̀lú epo kan náà. Ẹnikẹ́ni nínú yín ò sì sáré ju bó ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ti kọ irú ìṣirò yìí sójú pátákó, síbẹ̀ orí mi ṣì máa ń wú tí mo bá dé orí bùbá mẹ́fà yẹn.

Báwo lẹ ṣe máa pín èrè náà? Kí ọ̀rẹ́ yín fún yín ní yunifọ́ọ̀mù 12 nínú 24 tó rán, kí ẹ̀yin bá a rán bùbá 9 fún àwọn oníbàárà tirẹ̀. Ẹ̀yin á ní bùbá 21 àti yunifọ́ọ̀mù 18. Òun á ní bùbá 9 àti yunifọ́ọ̀mù 12. Bùbá 3 lé lọ́wọ́ yín, bùbá 3 lé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lè béèrè pé ibo ni mo ti rí 9. Bó bá ní bùbá 12 lòun máa gbà lórí yunifọ́ọ̀mù 12, èrè yín ti tán, torí ẹ̀yin fúnra yín lè rán an ní iye yẹn. Bí ẹ bá sì ní bùbá 6 lẹ máa fún un, èrè tirẹ̀ ti tán, yóò kúkú máa rán bùbá tirẹ̀ lọ. Àárín 6 sí 12 ni àdéhùn wà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá mú lè fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ti jọ jẹ ìyà ọmọṣẹ́. Ẹ fi í sí 9.

Tó bá wá kó lọ ńkọ́? Ẹ ó padà sí bùbá 18 àti yunifọ́ọ̀mù 18, ẹ̀yin nìkan lẹ ó sì máa san owó ṣọ́ọ̀bù tí ẹ jọ ń dá. Òótọ́ ni pé àwọn oníbàárà rẹ̀ lè yà sọ́dọ̀ yín. Ọwọ́ wo lẹ fẹ́ fi rán tiwọn?

Ó ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Gàrí ni ìyá mi fi tọ́ wa ní Ìwó. Kò sí obìnrin tó lè bẹ ẹ̀gẹ́ bí ìyá mi ládùúgbò wa. Bí ọ̀bẹ bá ti kan ẹ̀gẹ́ báyìí, èèpo rẹ̀ á ká kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sì sí ẹni tó lè yan gàrí bí i tirẹ̀. Gàrí ìyá mi máa ń gbẹ táútáú, kì í jóná, kì í sì í dì. Obìnrin opó kan wà lẹ́yìnkùlé wa tó máa ń wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun máa bá a bẹ ẹ̀gẹ́, kó máa fún òun ní gàrí díẹ̀ tí òun àti àwọn ọmọ òun máa mu. Ìyá mi á ní, “Kí ìwọ tó bẹ agbọ̀n kan tán, mo ti bẹ méjì.” Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ní gbogbo wákàtí tó fi ń bẹ ẹ̀gẹ́ yẹn, agbada wà lófìfo, iná ti kú sábẹ́ rẹ̀. Tí ọjọ́ ọjà bá pé, kóńgò díẹ̀ ló máa rí gbé lọ, kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti tà á tán, àwọn tó wá bá a níbẹ̀ á sì lọ ra ti ẹlòmíràn. Opó yẹn ò mọ gàrí yan, jíjó ni yóò jó o. Ṣùgbọ́n tó bá jókòó ti ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́, kò sí iṣẹ́ mìíràn tó fi sílẹ̀. Yunifásítì ni mo wà, ọdún kejì, nígbà tí ìwé já mi sí i pé ìṣirò kan ṣoṣo ló wà láàárín ebi tó ń pa opó yẹn àti àárẹ̀ tó ń mú ìyá mi. Kí n tó gba ìsinmi délé, ìyá mi ti ṣaláìsí. Mi ò rí i sọ fún un.

Ẹ padà síbi ọ̀rọ̀ yín. Ará Skọ́tílándì kan, Adam Smith, kọ nípa àǹfààní ọwọ́ yíyá nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1776. Ó ní èèyàn lè gbin èso àjàrà ní Skọ́tílándì, bí òtútù ibẹ̀ ṣe tó yẹn, tí wọ́n bá fi gíláàsì bò ó, tí wọ́n sì ń mú ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbóná. Wáìnì tó dáa á jáde níbẹ̀, àmọ́ ìnáwó rẹ̀ á tó ìlọ́po 30 èyí tí wọ́n máa fi rà á wá láti òkè òkun. Ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn baba wa náà rí i, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Oníkálukú ní ibi tí ọwọ́ tirẹ̀ dé, kálukú á sì ran ẹnì kejì lọ́wọ́. Ìyẹn ò le láti gbà.

Ọ̀rọ̀ tiyín ló kọjá òwe yẹn, torí pé ọwọ́ yín tó pẹpẹ, ó sì tún wọ kèrègbè. Irú yín ni David Ricardo, ọkùnrin kan tó fi káràkátà owó ìdókòwò là ní Lọ́ńdọ̀nù, mú yẹ̀ wò nínú ìwé tirẹ̀ lọ́dún 1817. Ó fi Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Pọ́túgàl ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní ká sọ pé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa lo òṣìṣẹ́ 100 fún ọdún kan kó tó hun ìwọ̀n aṣọ kan, kó sì lo 120 kó tó rí ìwọ̀n wáìnì kan. Pọ́túgàl máa lo 90 fún aṣọ náà, 80 fún wáìnì náà. Pọ́túgàl ló yá jù nínú méjèèjì, bí ẹ̀yin gẹ́lẹ́. Síbẹ̀, Ricardo ní kí Pọ́túgàl gbájú mọ́ wáìnì, kó sì gba aṣọ lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, torí aṣọ tí ì bá ná an ní òṣìṣẹ́ 90, wáìnì òṣìṣẹ́ 80 ló máa fi ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà á fi aṣọ òṣìṣẹ́ 100 gba wáìnì tí ì bá ná wọn ní 120. Wọ́n rí ọwọ́ èèyàn 10 dá sí níhìn-ín, wọ́n rí 20 dá sí lọ́hùn-ún. Ẹni tó lọ́ra nínú iṣẹ́ méjèèjì ṣì wúlò fún ẹni tó yára nínú méjèèjì. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ, kò sí èyí tí mo fẹ́ kí wọ́n mú délé tó ìyẹn.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí mo ti máa ń bá àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi jiyàn. Wọ́n á ṣe ìṣirò náà tán, wọ́n á sì kọjá lọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́wàá rán yunifọ́ọ̀mù nìkan, ọwọ́ rẹ̀ á gbàgbé bùbá. Lọ́jọ́ tí àwọn iléèwé bá kó iṣẹ́ wọn fún ilé iṣẹ́ ńlá kan, orí kí ni yóò jókòó lé? Ẹ wo Pọ́túgàl yẹn náà. Lọ́dún 1703, òun àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn pé kí aṣọ onírun àgùtàn Gẹ̀ẹ́sì máa wọ Pọ́túgàl, kí owó ibodè tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lórí wáìnì Pọ́túgàl sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta kéré sí èyí tí wọ́n ń gbà lórí ti Faransé. Títí di òní, àwọn òpìtàn ṣì ń bá ara wọn fà á bóyá àdéhùn yẹn ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ aṣọ híhun ní Pọ́túgàl gbérí. Nítorí náà, ẹ má ti ọ̀rẹ́ yín mọ́ inú yunifọ́ọ̀mù. Ní oṣù tí iṣẹ́ bá fà sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó máa rán bùbá, ẹ sì jókòó tì í kí ẹ kọ́ ọ ní ohun tí ẹ fi ń yára. Ìgbà tí iṣẹ́ bá kún ọwọ́ ni ìṣirò mi wúlò fún, ìgbà tí aṣọ ẹbí àti yunifọ́ọ̀mù ìwọlé iléèwé bá ya lura. Tí kò bá sí iṣẹ́ lọ́wọ́, kò sí ohun tí ẹ ń fi sílẹ̀ nítorí òmíràn.

Ohun kan ṣì kù. Iye tí ẹ kọ sí mi lè jẹ́ ti ọjọ́ tí ara yín yá, tí ara tirẹ̀ kò sì yá. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ̀yin méjèèjì máa kọ iye tí ẹ rán sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó pín iṣẹ́. Bí ìwé bá fi hàn pé bùbá mẹ́ta ló ń rán lójúmọ́, tí yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ náà sì jẹ́ mẹ́ta, ìdáhùn mi á yí padà. Yunifọ́ọ̀mù kan á máa jẹ bùbá kan lọ́dọ̀ ẹ̀yin méjèèjì, pípín iṣẹ́ ò sì ní mú bùbá ẹyọ kan wá. Nígbà yẹn, owó ṣọ́ọ̀bù àti epo tí ẹ jọ ń dá nìkan ni ìdí tó kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìṣirò náà han bàbá Ìbejì. Ẹ má sọ ọ́ fún wọn lẹ́nu lásán, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n kà á.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ mà. SS2 ni mo wà. Wọ́n bi wá nínú ìdánwò pé orílẹ̀-èdè A ń lo wákàtí 2 lórí àpò ìrẹsì kan àti wákàtí 6 lórí àpò kòkó kan. Orílẹ̀-èdè B ń lo wákàtí 4 lórí ìrẹsì àti 5 lórí kòkó. Èwo ló ní absolute advantage nínú ìrẹsì? Mo mú B, torí 4 ju 2 lọ. Wọ́n ní mi ò gbà á. Olùkọ́ wa tún ya ìlà kan tó tẹ̀ bí ọrun, ó ní ká há a sórí. Kí ni wọ́n ń fi ìlà yẹn ṣe, mà? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, àwọn ọmọ tí orí wọn pé dáadáa ló máa ń ṣe àṣìṣe yẹn, torí wọ́n ti mọ̀ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ló borí, wọn ò sì tún ka àkọlé tábìlì mọ́. Àkọlé ni kó o kọ́kọ́ kà. Bí tábìlì bá sọ iye ohun tó jáde, èyí tó pọ̀ ló borí. Bó bá sọ wákàtí tàbí iye òṣìṣẹ́ tí wọ́n lò, èyí tó kéré ló borí. Nínú ẹni tó fi ìṣẹ́jú 10 gún iyán ilé kan àti ẹni tó fi 40 gún irú rẹ̀, ta lo máa sọ pé ọwọ́ rẹ̀ yá? A ló ni ìrẹsì, torí 2 kéré sí 4. B ló ni kòkó, torí 5 kéré sí 6.

Bó bá tún dàrú mọ́ ọ lójú nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, sọ wákàtí di àpò. Fún kálukú wọn ní wákàtí 60. A á rí àpò ìrẹsì 30, tàbí àpò kòkó 10. B á rí ìrẹsì 15, tàbí kòkó 12. Wò ó, ó ti hàn gbangba.

Iye àpò wọ̀nyẹn náà ni ìlà tí olùkọ́ yín yà. Fi ìrẹsì sí ìsàlẹ̀, fi kòkó sókè. Fún A, fi àmì sí 30 nísàlẹ̀, fi òmíràn sí 10 lókè, kó o wá fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì. Ìwé rẹ ń pè é ní production possibility curve. Ààlà agbára ni mo máa ń pè é, torí ibẹ̀ ni agbára A mọ bí kò bá fi wákàtí kan ṣòfò. Ìrẹsì 15 àti kòkó 5 wà lórí rẹ̀. Ìrẹsì 15 àti kòkó 2 wà nínú, ìyẹn ni pé àwọn kan jókòó láìṣiṣẹ́, tàbí ẹ̀rọ kan bàjẹ́, tàbí iná lọ. Ìrẹsì 30 àti kòkó 10 papọ̀ wà lóde ààlà. Ọwọ́ kò lè tó o lónìí.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Paul Samuelson, fi ìbọn àti bọ́tà ṣàlàyé ìlà yìí nínú ìwé ẹ̀kọ́ tó kọ lọ́dún 1948: ìbọn dúró fún ohun ìjà, bọ́tà dúró fún ohun tí aráàlú ń lò. Ohun tí ojú ìlú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ni. Lọ́dún 1933, òṣìṣẹ́ bí 1 nínú 4 ni kò ríṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n jìn sí inú ààlà nígbà náà, wọ́n ì bá fi ìbọn kún ìbọn, kí wọ́n sì fi bọ́tà kún bọ́tà, láìdín ọ̀kan kù. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì wá gba gbogbo ọwọ́, kò ṣeé ṣe mọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1942, wọ́n dá ṣíṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún aráàlú dúró, wọ́n sì yí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ padà sí ti ọkọ̀ ogun àti bàálù. Má há ìlà yẹn sórí. Ya á pẹ̀lú wákàtí 4 tí o ní lálẹ́, kí ìṣirò wà lápá kan, kí ọrọ̀ ajé wà lápá kejì, o ò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Ìlà A tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ yìí tọ́ gbọọrọ, kò tẹ̀. Ìdí tí ti olùkọ́ yín fi tẹ̀, bàbá kan láti Ìkirè ló ní i lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ: Màmá Olùkọ́, ẹ kú làákàyè. Éékà ilẹ̀ 6 ni mo ní, ẹ̀gẹ́ ni mo ń gbìn sí gbogbo rẹ̀. Éékà 2 jẹ́ àkùrọ̀ lẹ́bàá odò, 4 tó kù wà lókè. Ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn ní ìrẹsì ló lówó lórí, kí n sọ gbogbo ilẹ̀ náà di ìrẹsì. Ṣé kí n gbọ́ tirẹ̀? — Bàbá Àgbẹ̀, Ìkirè

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ oko, sà. Ẹ gbọ́ tirẹ̀ dé ìdajì ọ̀nà.

Ẹ̀yin lẹ mọ ilẹ̀ yín, torí náà ẹ fi iye tiyín rọ́pò tèmi. Ká ní éékà àkùrọ̀ kan lè fún yín ní ìrẹsì àpò 20, tàbí ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù 2, torí omi á ti ba ìdajì ẹ̀gẹ́ náà jẹ́ sínú ilẹ̀. Ká ní éékà òkè kan lè fún yín ní ìrẹsì àpò 5 péré, torí òùngbẹ á gbẹ ẹ́, tàbí ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù 5. Lónìí tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gẹ́, tọ́ọ̀nù 24 lẹ ń wà. Bí ẹ bá sọ àkùrọ̀ méjèèjì di ìrẹsì, ẹ pàdánù tọ́ọ̀nù 4, ẹ rí àpò 40. Ọjà tó dáa nìyẹn. Bí ẹ bá wá sọ òkè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà di ìrẹsì, ẹ pàdánù tọ́ọ̀nù 20 tó kù, àpò 20 péré lẹ sì máa rí kún un. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan tó ra àpò 10 fún yín lákùrọ̀, àpò 1 ló rà lókè. Òun ló mú kí ìlà tẹ̀, ọmọ mi SS2: kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló gba gbogbo irúgbìn bákan náà, kì í sì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló gba gbogbo iṣẹ́ bákan náà. Bí èèyàn bá ṣe ń kó nǹkan sápá kan sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń fi sílẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀gẹ́ òkè náà pọ̀ sí i láìfi ilẹ̀ kún ilẹ̀, igi ẹ̀gẹ́ lẹ máa pààrọ̀. Àwọn olùwádìí IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1967, ti mú àwọn ìran ẹ̀gẹ́ jáde tí àrùn tó ń ká ewé ẹ̀gẹ́ jọ kì í tètè ràn. TMS 30572 jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà lóko àwọn àgbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àgbẹ̀ lágbègbè yín kí ẹ tó ra igi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ààlà tí mò ń wí yìí kì í dúró sójú kan. Irúgbìn tó dáa máa ń tì í síta.

Ẹ gbin ìrẹsì sí éékà àkùrọ̀ méjèèjì, kí ẹ fi òkè sílẹ̀ fún ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹyẹ ẹ̀ga, sà. Bí ìrẹsì bá ti ń gbó, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti ìdájí dé ìrọ̀lẹ́ tí yóò máa lé wọn, ẹ má sì tìtorí rẹ̀ mú ọmọ kúrò níléèwé. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa jókòó tì í, wákàtí yẹn á ti inú wákàtí tí ẹ fi ń ro oko ẹ̀gẹ́ jáde, ìṣirò tí mo ṣe lókè yìí á sì yẹ̀. Ẹ kọ iye ọjọ́ tí ẹ fi lé ẹyẹ àti iye éékà ẹ̀gẹ́ tí ẹ ò rí ro sí mi lẹ́yìn ìkórè, màá bá yín tún un ṣe.